Ajá mi sàn lẹ́yìn Arnica 30C: ṣé òògùn yẹn ló wò ó?

Òǹkàwé kan kọ̀wé sí mi báyìí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ajá mi ti pé ọmọ ọdún 8, ó sì sanra díẹ̀. Láti bí oṣù mẹ́ta ló ti ń tiro lówùúrọ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀tún. Ọ̀rẹ́ mi kan tó fẹ́ràn hòmíópátì fún mi ní ìgò kékeré kan tí wọ́n kọ Arnica 30C sí lára. Mo fún ajá ní hóró méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́, fún ọjọ́ mẹ́wàá, ó sì sàn lóòótọ́. Ní báyìí ọ̀rẹ́ mi ní kí n ra odindi àpótí, èyí tó ní ìgò 18 nínú. Ó ní ìgbẹ́ gbuuru, èébì, egbò, ara yíyún, ìbẹ̀rù ariwo, gbogbo rẹ̀ ló ní tirẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ṣúgà ni mo ń fún ajá. Ta ló sọ òótọ́ nínú àwọn méjèèjì? Ṣé mo sì lè lò ó fún ológbò mi?"

Ìyá mi, ẹ kú ìtọ́jú o. Ní ti ohun tó wà nínú ìgò, ọmọ yín ló sọ òótọ́. Ní ti pé ajá yín sàn, ẹ̀yin náà kò purọ́. Mo gbà pé bí ẹ ṣe rí i nìyẹn. Bí méjèèjì ṣe lè jẹ́ òótọ́ pọ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé, nítorí ẹni tí kò bá yé yóò ra àpótí náà, yóò sì gbẹ́kẹ̀ lé e lọ́jọ́ tí kò yẹ.

Dókítà ọmọ Jámánì kan, Samuel Hahnemann, ló dá hòmíópátì sílẹ̀. Ní 1790, ó ń túmọ̀ ìwé ìṣègùn kan láti èdè Gẹ̀ẹ́sì sí èdè wọn, ó sì bá ibi tí ìwé náà ti ń sọ̀rọ̀ nípa èèpo igi tí a ń rí kuiníìnì nínú rẹ̀. Ara rẹ̀ le nígbà náà, ó bá jẹ èèpo náà wò. Ó ní ara òun gbóná, òun sì gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Ibẹ̀ ló ti fa òfin rẹ̀ yọ pé ohun tó bá ń fa àmì àìsàn kan lára ẹni tó le, òun náà ni yóò wo ẹni tí àmì yẹn ń yọ lẹ́nu, bí a bá fún un ní ìwọ̀n tó kéré gan-an. Ìdí nìyẹn tí àlùbọ́sà, tó máa ń mú ojú ṣomi, fi di òògùn ọ̀fìnkìn lọ́wọ́ wọn, tí kòkòrò oyin fúnra rẹ̀, tó bá ta ni tí ojú ibẹ̀ ń wú, sì fi di òògùn ara wíwú. Nux vomica, èso kan tó ní májèlé gidi nínú, di òògùn èébì àti inú rírun. Arnica tiyín jẹ́ òdòdó aláwọ̀ ìyeyè tó ń hù lórí àwọn òkè ní Yúróòpù, wọ́n sì máa ń lò ó fún ibi tí nǹkan bá ti gbá lára.

Kíkéré tí wọ́n ní kó kéré yẹn gan-an ni kí ẹ fojú sí. Lẹ́tà C tó wà lára ìgò yín túmọ̀ sí ọgọ́rùn-ún. Wọ́n á mú ẹ̀kán kan lára omi òdòdó náà, wọ́n á fi ẹ̀kán 99 omi tàbí ọtí líle là á, wọ́n á gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì. 1C nìyẹn. Wọ́n á tún mú ẹ̀kán kan nínú 1C, wọ́n á fi 99 mìíràn là á, ó di 2C. Bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò máa bá a lọ títí yóò fi pé ìgbà 30. Nígbà tó bá fi di 6C, ẹ̀kán kan péré ti wọ inú tírílíọ̀nù kan, ìyẹn 1 tí òdo 12 tẹ̀ lé. Tó bá ti kọjá 12C, ìṣirò kẹ́mísítírì fi hàn pé ó ṣeé ṣe kó má ku mólékù kan ṣoṣo nínú ìgò, mólékù sì ni ẹyọ tó kéré jù lọ tí a ṣì lè pè ní nǹkan náà. Ní 30C, 1 ni a óò kọ, a óò wá kọ òdo 60 tẹ̀ lé e. Gbogbo omi òkun kò tó láti rí mólékù Arnica kan nínú irú àbùlà bẹ́ẹ̀. Kódà bí odindi ayé yìí bá jẹ́ omi láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò tó. Omi yìí ni wọ́n ń kán sórí hóró ṣúgà, tí omi náà yóò sì gbẹ dànù. Ṣúgà ló kù.

Àwọn tó ń ṣe hòmíópátì kò jiyàn ìṣirò yìí. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé gbígbọ̀n yẹn ló ń jẹ́ kí omi rántí ohun tó ti wà nínú rẹ̀ rí, àti pé bí a bá ṣe ń là á sí i ni agbára rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Mi ò ní pẹ́ níbí. Omi tó bá lè rántí Arnica, kí ló dé tí kò rántí ìgò, páìpù àti òjò tó ti gba inú wọn kọjá?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe da èyí pọ̀ mọ́ egbòogi o. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé ohun kan náà ni, bóyá nítorí pé orúkọ ewé àti òdòdó ni wọ́n ń kọ sára ìgò. Ewé tí a sè tàbí tí a gún ní ohun gidi nínú, ó lè wo ẹran sàn, ó sì lè pa á. Òdòdó Arnica tútù pàápàá, tí ajá bá jẹ ẹ́, yóò dà á nínú rú. Arnica 30C kò lè ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Ó dáa, ajá ń kọ́? Ó ṣáà sàn.

Ajá ọmọ ọdún 8 tó sanra, tó ń tiro lówùúrọ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń nà bó bá ti rìn díẹ̀: làkúrègbé oríkèé ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ láìfọwọ́ kan ajá. Àìsàn yìí kì í dúró sójú kan. Yóò le fún ọ̀sẹ̀ kan, yóò dẹwọ́ fún méjì, yóò tún le. Ìgbà wo ni a máa ń wá òògùn? Ìgbà tó bá le jù ni. Lọ́jọ́ tí ajá kò lè dìde ni a máa ń gba ìgò lọ́wọ́ ọ̀rẹ́. Láti ibi tó ti le jù yẹn, ọ̀nà kan ṣoṣo tó sábà máa ń kù fún un láti gbà ni kó dẹwọ́, yálà a fún un ní Arnica, a fún un ní omi, tàbí a kàn dúró tì í. Mo sì fura pé ní ọjọ́ mẹ́wàá yẹn ẹ kò jẹ́ kó sáré bó ṣe máa ń sáré, ẹ ń bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, ẹ ń wo bó ṣe ń gbé ẹsẹ̀. Ìsinmi nìkan lè mú kí oríkèé tó wú fà sẹ́yìn.

Ohun kejì ni ojú àwa tó ń wò ó. Ní 2012, wọ́n gbé ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí ajá 58 tí làkúrègbé ń jẹ́ kí wọ́n máa tiro, tó jẹ́ pé òògùn àfarawé ni wọ́n fún gbogbo wọn, ìyẹn ohun tó jọ òògùn ṣùgbọ́n tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí àwọn ajá náà rìn kọjá lórí pátákó kan tó ń wọn bí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ń tẹlẹ̀ tó, nítorí pátákó kò ní ìfẹ́ ajá, kò sì ní ìrètí. Wọ́n wá bi àwọn olówó ajá pé báwo ni wọ́n ṣe rí i. Nínú bíi 57 nínú ọgọ́rùn-ún ìdáhùn wọn, wọ́n ní ó ti ń sàn, nígbà tí pátákó kò rí ìyàtọ̀ kankan. Kí ẹ tó sọ pé àwọn olówó ajá ni kò mọ nǹkan kan, ẹ gbọ́ ti àwa dókítà: àwa náà ṣe irú àṣìṣe kan náà ní nǹkan bí 40 sí 45 nínú ọgọ́rùn-ún. Láti ìgbà tí mo ti ka ìwádìí yẹn, mi ò gbẹ́kẹ̀ lé ojú mi nìkan mọ́ bí ajá bá ń tiro.

Ọ̀rẹ́ yín yóò sọ fún yín pé ẹranko kò mọ̀ pé òògùn ni wọ́n fún òun, nítorí náà bó bá sàn, òògùn ló wò ó. Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé. Ibi tó ti ṣìnà ni pé ẹranko kì í sọ fún wa pé ara òun ti yá. Àwa là ń sọ ọ́ fún un, a sì mọ̀ dáadáa pé a ti lo òògùn. Ní 2008, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n dán òògùn hòmíópátì kan wò lára ajá 75 tí wọ́n máa ń bẹ̀rù iná aláriwo tí wọ́n ń yìn sójú ọ̀run. Àwọn kan gba òògùn náà, àwọn yòókù gba àfarawé, kò sì sí ẹni tó mọ èyí tó kan ajá tirẹ̀ títí ó fi parí. Àwọn olówó ajá ròyìn pé ìbẹ̀rù dín kù gan-an. Ó dín kù lọ́tùn-ún, ó dín kù lósì, kò sí ìyàtọ̀ láàrin wọn. Ká ní wọn kò ní àwọn tó gba àfarawé ni, ìròyìn tí ì bá jáde ni pé òògùn náà ṣiṣẹ́ lára ajá 75.

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé mo fi èyí tí kò bá tèmi mu pamọ́. Ìwádìí wà tó gbe hòmíópátì. Ní Nẹ́dálándì, ní 2010, wọ́n fún àwọn abo ẹlẹ́dẹ̀ tó lóyún ní irú òògùn bẹ́ẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru tó ṣe àwọn ọmọ wọn sì kéré sí ti ọmọ àwọn tó gba àfarawé. Ní Nọ́wè, ní 2004, wọ́n dán an wò fún ọmú wíwú lára màlúù, kò yàtọ̀ sí àfarawé. Ní 2016 ni àwọn méjì kan ní Jámánì kó gbogbo irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ lórí ẹran ọ̀sìn jọ, 52 ni wọ́n rí: 28 gbè é, 22 kò rí àǹfààní kankan. Ẹni tó bá ka ibẹ̀ nìkan yóò ní ó gbìyànjú. Ṣùgbọ́n wọ́n tún rí i pé nínú gbogbo wọn, kò sí ọ̀kan tí ẹlòmíràn tún ṣe bí wọ́n ti ṣe é kó lè wò ó bóyá yóò rí ohun kan náà. Lójú tèmi, ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tí kò tíì sẹ́ni tó tún un ṣe kò tíì di òògùn. Ìgbìmọ̀ ìwádìí ìlera ilẹ̀ Ọsirélíà yẹ gbogbo ti ènìyàn wò ní 2015, wọ́n ní kò sí àìsàn kan tí ẹ̀rí tó ṣeé gbára lé fi hàn pé hòmíópátì ń wò sàn. Ní 2017, ilé-ẹ̀kọ́ ọba tó ń ṣe àbójútó àwọn dókítà ẹran ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sọ ọ́ síta pé kò ní ẹ̀rí, kò sì dúró lórí ìpìlẹ̀ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Síbẹ̀, òfin oko tí kì í lo kẹ́míkà ní Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣì ní kí àgbẹ̀ kọ́kọ́ lo egbòogi tàbí hòmíópátì bí yóò bá ṣiṣẹ́ fún ẹran náà. Ọ̀rọ̀ "bí yóò bá ṣiṣẹ́" yẹn ló gbé gbogbo ẹrù.

Ìbéèrè tó kàn ni pé bí kò bá ní nǹkan kan nínú, ewu wo ló wà níbẹ̀?

Ewu rẹ̀ wà nínú àkókò tó ń jẹ. Wọ́n gbé akọ ológbò kan wá bá mi rí lóru. Ọjọ́ méjì ló ti ń lọ síbi ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ lemọ́lemọ́, yóò lóṣòó, yóò ké, kò ní rí nǹkan ṣe. Olówó rẹ̀ rò pé ìgbẹ́ ló há a, ó sì ń fún un ní Nux vomica ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, tọkàntọkàn, ó tiẹ̀ kọ àkókò kọ̀ọ̀kan sínú ìwé. Ìtọ̀ ni kò rí ọ̀nà jáde. Àpò ìtọ̀ rẹ̀ le bí òkúta, ara rẹ̀ ti tutù, ọkàn rẹ̀ ń lù fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ nítorí ohun tí ìtọ̀ ì bá gbé jáde ti padà sínú ẹ̀jẹ̀. A ṣe ohun tí apá wa ká, ó kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìwé àkókò yẹn kò kúrò lójú mi. Obìnrin náà kò fi ẹran rẹ̀ ṣeré rárá. Bí kì í bá ṣe ti ìgò yẹn ni, ẹ̀rù ì bá ti bà á lọ́jọ́ kìíní, ì bá sì ti gbé e wá. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n ẹni tí àpótí rẹ̀ kò ní jù òògùn làpálàpá lọ, gbogbo ètè ni yóò máa jọ làpálàpá lójú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ àwọn èyí tí kò gba dídúró. Akọ ológbò tó ń lóṣòó tí kò rí ìtọ̀ tọ̀. Ajá ńlá tí ikùn rẹ̀ fẹ́ lójijì, tó ń gbìyànjú àtibì tí nǹkan kan kò jáde: ikùn rẹ̀ lè ti yí po, wákàtí díẹ̀ ló ní. Ọmọ ajá tó ń ṣu ẹ̀jẹ̀ tó sì ń bì, pàápàá èyí tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Gìrì tó ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Èrìgì tó funfun tàbí tó ń ṣe bí aró. Ẹranko tó ń jà kó tó lè mí, tàbí ológbò tó ń fi ẹnu mí, nítorí ológbò kì í dédé ya ẹnu mí. Ológbò tí kò jẹun fún ọjọ́ méjì, nítorí ọ̀rá lè dà bo ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹran tó jẹ májèlé, ì báà ṣe pé ara rẹ̀ ṣì dá ṣáṣá. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣí ìgò kankan, ẹ gbé e lọ.

Nǹkan mìíràn tún wà nípa ìgò fúnra rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo hòmíópátì ló jẹ́ 30C. Bí ẹ bá rí X tàbí D dípò C, mẹ́wàá-mẹ́wàá ni wọ́n fi ń là á. 3X jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún péré, bí ohun tí wọ́n fi ṣe é bá sì jẹ́ májèlé, májèlé ṣì wà níbẹ̀. Ní 2017, àjọ tó ń ṣọ́ oúnjẹ àti òògùn ní Amẹ́ríkà rí i pé belladonna, ewéko kan tó ní májèlé, tó wà nínú hóró òògùn eyín àwọn ọmọ ọwọ́ kan kò dọ́gba láti hóró dé hóró, àwọn mìíràn sì ju ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ lọ. Ẹ ka ohun tí wọ́n fi ṣe hóró náà pẹ̀lú. Bí ẹ bá rí xylitol níbẹ̀, ìyẹn ohun aládùn kan tí wọ́n fi ń dípò ṣúgà, ẹ má jẹ́ kó dé ẹnu ajá láé: ó máa ń já ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ajá wálẹ̀ lójijì, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́. Èyí tó jẹ́ olómi sábà máa ń jẹ́ ọtí líle, ẹ má kán an fún ológbò tàbí ọmọ ẹran.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì fún yín ní irú rẹ̀ tí wọ́n ní ó dípò abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ dá a padà. Kì í dáàbò bo ọmọ ajá lọ́wọ́ àrùn ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, kò sì lè dènà dìgbòlugi, èyí tó jẹ́ pé bí àmì rẹ̀ bá ti yọ, yálà lára ẹran tàbí lára ènìyàn, ikú ló sábà máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Bákan náà ni ti aràn àti eégbọn. Hóró ṣúgà kò pa aràn rí.

Ní ti àwọn àìsàn wẹ́wẹ́ tí ọ̀rẹ́ yín kà sílẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ni yóò lọ fúnra wọn, ibẹ̀ sì ni àpótí yẹn ti gba iyì rẹ̀. Àgbà ajá tó ń ṣe ìgbẹ́ gbuuru ṣùgbọ́n tó ń ta pọ́nún, tó ń mu omi, tí kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, ẹ fún un ní omi tó pọ̀ àti oúnjẹ tí kò lọ́ràá díẹ̀díẹ̀, ẹ wò ó fún ọjọ́ kan sí méjì. Ẹ má fún un ní òògùn tí ènìyàn fi ń dá ìgbẹ́ dúró. Àwọn ìran ajá kan wà tó máa ń dà wọ́n lọ́pọlọ rú. Ojú ọgbẹ́ kékeré, omi mímọ́ lọ́wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kí ẹ má sì jẹ́ kó máa lá a. Ibi tí ológbò mìíràn ti gé ológbò yín jẹ yàtọ̀ o. Ihò rẹ̀ máa ń kéré, yóò dí lójú ọjọ́ kan, yóò sì ti kó ọyún sábẹ́ awọ kó tó di ọjọ́ kẹta. Ara tó ń yún ní ohun tó fà á, eégbọn ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀; ẹ wá a ní ìdí ìrù àti abẹ́ etí kí ẹ tó wá òògùn. Ti ìbẹ̀rù ariwo, ẹ ti ìlẹ̀kùn àti fèrèsé, ẹ tan rédíò, ẹ jẹ́ kó sá sí ibi tó bá fẹ́, ẹ má bá a wí. Bó bá pọ̀ jù, òògùn gidi wà tí dókítà lè kọ fún un ṣáájú ọjọ́ ariwo.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ lo èyí tó kù nínú ìgò tí ẹ ní, mi ò ní bá yín jà, bó bá ṣáà jẹ́ 30C tí kò sí xylitol nínú rẹ̀. Ẹ kàn fi aago tì í. Kí ẹ tó fún un, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí kò bá sàn kó tó di àkókò báyìí, mo ń lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ má fi èyí dípò òògùn tí dókítà kọ, ẹ má sì torí rẹ̀ dá òògùn kankan dúró.

Àpótí yẹn, ẹ má rà á. Ẹ ra ohun ìwọ̀n ìgbóná ara tí ẹ ó máa tì bọ ìdí ajá díẹ̀. Láti nǹkan bí 38 dé 39.2 ló yẹ kó wà. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìka tẹ èrìgì: yóò funfun, ó sì yẹ kí àwọ̀ rẹ̀ padà kí ẹ tó ka ìṣẹ́jú-àáyá méjì tán. Ẹ ka èémí rẹ̀ nígbà tó bá sùn. Kò yẹ kó ju 30 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ọwọ́ tó bá mọ àwọn mẹ́ta yìí wúlò fún mi lórí fóònù ju ìgò 18 lọ.

Ní báyìí, ajá yín gan-an. Oṣù mẹ́ta ti pọ̀ jù láti máa tiro láìjẹ́ pé ẹnì kan fọwọ́ kan oríkèé rẹ̀. Ó lè jẹ́ làkúrègbé bí mo ti rò. Ó tún lè jẹ́ pé iṣan inú orúnkún rẹ̀ ti já, èyí tó wọ́pọ̀ lára ajá tó sanra, tó sì máa ń dẹwọ́ díẹ̀ kó tó tún le. Bó bá jẹ́ ajá ńlá, a gbọ́dọ̀ wo eegun rẹ̀ dáadáa, nítorí jẹjẹrẹ eegun náà máa ń bẹ̀rẹ̀ bíi títiro lásán. Ẹ ní kí wọ́n ya àwòrán eegun náà.

Bó bá jẹ́ làkúrègbé, òògùn tó lágbára jù wà lọ́wọ́ yín: ẹ dín ara rẹ̀ kù. Ajá tó sanra jù, bó bá ti yọ nǹkan bí 6 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀, títiro rẹ̀ máa ń dín kù gidi, bó bá sì fi tó nǹkan bí 9, pátákó tó ń wọn ẹsẹ̀ náà ti rí i. Ajá tó wọn kílò 30 kò ní láti yọ ju kílò méjì lọ kí ẹ tó máa rí i. Ẹ máa wọn oúnjẹ rẹ̀ pẹ̀lú ife, ẹ má fi ojú bù ú. Ìrìn kúkúrú lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ sàn fún un ju ìrìn gígùn kan lọ. Ẹ tẹ́ nǹkan sórí ilẹ̀ tó ń yọ̀, ẹ sì jẹ́ kí ibùsùn rẹ̀ nípọn. Dókítà lè kọ òògùn ìrora tí wọ́n ṣe fún ajá, wọn yóò sì yẹ ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín rẹ̀ wò nínú ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bù fún un nínú òògùn ìrora tiyín. Ibuprofen máa ń dá egbò sí ajá nínú, ó sì máa ń pa kíndìnrín.

Ológbò yín ńkọ́? Ohun tí mo sọ nípa hóró náà kan òun náà, pẹ̀lú ìkìlọ̀ kan tó le jù ú lọ: ológbò máa ń fi àìsàn pa mọ́, nígbà tí ẹ ó bá fi rí i pé ó ń ṣàìsàn, ó ti ń ṣe é tipẹ́. Nítorí náà, fún òun, ẹ gé àkókò tí ẹ kọ sílẹ̀ yẹn sí ìlàjì. Parasitamọ́ọ̀lù kò gbọ̀dọ̀ dé ẹnu rẹ̀ rárá; ẹyọ kan ṣoṣo lè pa á.

Kí ẹ tó lọ rí dókítà, ẹ ní kí ọmọ yín ọkùnrin fi fóònù ya fídíò ajá náà ní àárọ̀ márùn-ún, nígbà tó bá ń dìde lórí ibùsùn, ibì kan náà, àkókò kan náà. Kó má sọ fún yín pé ọjọ́ wo ni èwo. Ẹ wò wọ́n lẹ́yìn náà, kí ẹ sọ èyí tó burú jù. Ẹ mú fídíò náà dání lọ, torí ọ̀pọ̀ ajá ni kì í tiro mọ́ bí wọ́n bá ti wọ yàrá àyẹ̀wò wa.